Ta Ni Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ń Jíṣẹ́ Fún?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òkèmẹ̀sí. Ní 1878, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Fábùnmi pa Ajẹ́lẹ̀ tí àwọn ará Ìbàdàn fi sí ìlú náà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí tíṣà á ní ká pàtẹ́wọ́ fún Fábùnmi. Ohun tó tẹ̀lé e ni ogun Kírìjì, ogun tí wọn ò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ títí di 1886, tí àwọn ọmọ ogun ò sì tú bùdó wọn ká pátápátá títí di 1893.

Àmọ́ tíṣà ò ṣàlàyé iṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ fún wa dáadáa. A rò pé agbowó-orí lásán ni. Òótọ́ ni pé ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àti etí Ìbàdàn ló jẹ́ nílùú onílùú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ìlú bá fẹ́ dìtẹ̀, kí Ìbàdàn ti gbọ́ kí ìpàdé tó tú. Bó bá sì ti gbọ́ nǹkan, ìjòyè kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní babakékeré ìlú náà, ló ń ránṣẹ́ sí. Ó dáa. Bí Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ bá wá ṣàṣejù ńkọ́? Bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá wọ oko olóko, tí wọ́n mú ewúrẹ́ ẹléwúrẹ́, tí wọ́n fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó, ta ni ará ìlú máa fẹjọ́ sùn? Babakékeré yẹn náà ni. Ẹni tó rán an níṣẹ́, tó ń jẹ nínú ohun tó bá kó wálé, òun náà ni adájọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí owó nìkan. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun sí àwọn baba wa. Èyí tí wọn ò lè gbé mì ni ẹni tó ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru tí kò sí ibì kankan tí wọ́n ti lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Mo mú ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ torí pé bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lóde òní, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé èkíní gbọ́dọ̀ kú kí èkejì tó yè. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìlú tí kò bá lójú, olè á kó o lọ ni. Ìbéèrè tèmi ni pé: ojú yẹn, ta ló ń jíṣẹ́ fún?

Ìjọba òyìnbó ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àwọn olóṣèlú àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí òyìnbó ń lọ, kò gbé ẹ̀ka náà lọ. Lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba, nínú mọ́tò rẹ̀ l'Ékòó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lójúmọmọ. Ìjọba tí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí tí kò wá etí kún etí, kò gbọ́n. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ọbásanjọ́ dá NSO sílẹ̀, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dá dúró. Mi ò bá a wí fún ìyẹn.

Èyí tó ṣòro ni ti 1984. Bùhárí àti Ìdíàgbọn gbé Decree 2 jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò le láti lóye: bí ọ̀gá kan lókè ìjọba bá ti gbà pé o lè ṣe ààbò orílẹ̀-èdè ní jàǹbá, kó kàn fọwọ́ síwèé, ó parí. Wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé fún oṣù mẹ́ta láìfi ẹ̀sùn kankan kàn ọ́, bí oṣù mẹ́ta bá sì pé, wọ́n lè tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tó burú sí jù ni pé òfin náà ní kóòtù kankan ò gbọ́dọ̀ bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ wò ó, Ajẹ́lẹ̀ ti padà dé, kákí ló wọ̀. Decree 4 tẹ̀lé e lọ́dún kan náà, ti àwọn akọ̀ròyìn: bí ìròyìn rẹ bá ti lè sọ òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni ẹ̀sín, o ti dẹ́ṣẹ̀. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian ṣẹ̀wọ̀n lórí rẹ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n dá fún wọn, torí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú lókè òkun.

Nígbà tí Babangida dé ní 1985, ó fagi lé Decree 4, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Decree 2 ni kò fọwọ́ kàn. (Ẹ máa ṣọ́ra fún ẹni tó bá fi ọwọ́ kan fún yín ní nǹkan, tó ń fi ìkejì ti ilẹ̀kùn.) Ní 1986 ó pín NSO sí mẹ́ta: SSS fún inú ilé, NIA fún òkè òkun, DIA fún àwọn ológun. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ọjọ́ 19, lẹ́tà oníbọ́ǹbù pa Dele Giwa, olóòtú Newswatch, nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà yẹn tí SSS ní kó wá, tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Lọ́yà rẹ̀, Gàní Fáwẹ̀hìnmi, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù kí wọ́n ṣáà lè pe ẹnì kan lẹ́jọ́. Títí di òní, kóòtù kankan ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú yẹn. Mi ò lè nàka sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nílùú tí òfin ti ní kí adájọ́ má béèrè, báwo la ṣe fẹ́ kí ìdáhùn jáde?

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni, ìlú tí kò tó kìlómítà 20 sí ibi tí a wà yìí. Ọdún 1947 ni wọ́n bí i, ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó lọ sí Amóye Grammar School ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì wá sí Christ's School níbí ní Adó, lórí òkè Àgídímọ̀, kó tó gba Ìbàdàn lọ. Àwa tí a ń kọ ewì nínú ẹgbẹ́ yìí, kò yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe rẹ̀ fún ara wa. Láti 1985 ló ti ń gbé ewì jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú Sunday Tribune, ewì tí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní gáréèjì lè kà kó sì yé e. Ìyà tó ń jẹ ará ìlú ló ń kọ, àti àṣejù àwọn tó wà lókè.

Nígbà tí Abacha gorí àlééfà ní oṣù kọkànlá 1993, ewì di ọ̀ràn. Ọ̀ṣúndáre ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé lemọ́lemọ́ ni àwọn agbófinró ń wá bá òun, tí wọ́n á ní kí òun túmọ̀ ewì òun, kí òun sọ ẹni tí òun ń bá wí. Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa mà ti wá di ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àmọ́ ẹ rò ó wò. Bí mo bá kọ ọ́ pé erin wọ oko ó ń tẹ ẹ̀bù, erin yẹn lè jẹ́ ìjọba, ó lè jẹ́ bàbá mi, ó sì lè jẹ́ erin. Ọlọ́pàá tó bá ní dandan kí n mú ọ̀kan níbẹ̀ ti pa ewì náà, ó sì ti sọ mí di ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ṣì wà níwájú. Ó ní àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ní Yunifásítì Ìbàdàn di amí. Àwọn díẹ̀ tiẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pamọ́ sára wọ kíláàsì. Bó bá lọ ka ewì lókè òkun, ẹnì kan ń tẹ̀ lé e láti ìlú dé ìlú. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí i nílé, wọ́n ń gbà á wò lọ́nà. Ní 1997 ó gba iṣẹ́ ní Yunifásítì New Orleans ní Amẹ́ríkà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ro ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn díẹ̀. Kò ní láti jẹ́ èèyàn burúkú. Ó lè jẹ́ ọmọ tí owó iléèwé rẹ̀ kò pé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n mú un níbi ìwọ́de, wọ́n ní bó bá fẹ́ lọ sílé, kó wá máa ran àwọn lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ lè gbà tọkàntọkàn pé orílẹ̀-èdè òun lòun ń sìn. Ó jókòó níwájú, tẹ́ẹ̀pù ń yí lábẹ́ aṣọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣàlàyé ewì. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nawọ́ sókè, ó béèrè ìbéèrè kan tó gbóná, ohùn tòun náà ti wọ tẹ́ẹ̀pù nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rán an létí. Kò sí adájọ́ tó fún wọn láṣẹ láti gba ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣì í gbọ́ ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa bá a tún un ṣe, torí kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Kíláàsì tí ẹnì kan bá ti ń gba ohùn sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì ti ta sí etí àwọn yòókù, gbogbo wọn ló di afurasí lójú ara wọn. Ìgbà tó bá di bẹ́ẹ̀, ta ló máa dá a láṣà láti fi ewì tí kò tíì jinná han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀?

Kí ni wọ́n sì rí gbà nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yẹn? Èwo nínú ewì Ọ̀ṣúndáre ló bú gbàù bíi bọ́ǹbù? Ọlọ́ṣà ò ṣàì wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ nígbà náà. Etí tí ìjọba fi ń gbọ́ ewì ni kò fi gbọ́ tiwọn.

Ọmọ Èkìtì kejì tí mo fẹ́ dárúkọ kì í ṣe akéwì, lọ́yà ni. Fẹ́mi Fálànà, ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì. Ní 1992 Babangida ti òun àti Gàní Fáwẹ̀hìnmi àti Beko Ransome-Kuti mọ́lé ní Kuje, wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba kàn wọ́n. Wọ́n jáde, wọ́n tún padà sí kóòtù. Ìgbà Abacha ló wá le jù. Ní 1994, wọ́n fi Decree 14 kún Decree 2: ìwé tí lọ́yà fi máa ń bẹ kóòtù pé kí wọ́n gbé ẹni tó wà látìmọ́lé wá, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi tì í, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹni tí wọ́n bá mú nítorí ààbò orílẹ̀-èdè. Ìwé yẹn kan náà ni irinṣẹ́ Fálànà àti Gàní. Ó dà bí ẹni gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní 1996 wọ́n wá mú Gàní nílé rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n Bauchi ló sì gbà lọ. Ní oṣù kejì wọ́n mú Fálànà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Abacha kéde Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè bí ìlù ṣe dún ní Adó lọ́jọ́ náà. Wọ́n jó o, ó sì yẹ kí wọ́n jó o, ohun tí wọ́n ti ń béèrè tipẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlawẹ̀ wà látìmọ́lé ọwọ́ ẹni tó fún wa ní ìpínlẹ̀ náà, oṣù kọkànlá ni wọ́n tó tú òun àti Gàní sílẹ̀. Mi ò tíì rí ìwé ìtàn Èkìtì kan tó to àwọn ọjọ́ méjèèjì yẹn sí ojú ewé kan náà.

Gàní ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe mú un, ẹjọ́ náà sì pẹ́ láyé ju ìjọba tó mú un lọ. Abacha kú ní oṣù kẹfà 1998; oṣù kẹrin ọdún 2000 ni Kóòtù Gíga Jù Lọ tó dájọ́. Wọ́n ní àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, tí Nàìjíríà sọ di òfin ní 1983, lágbára ju àwọn òfin lásán yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 tí a ń lò yìí wá ńkọ́? Àwọn ológun ló kọ ọ́, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀, àmọ́ nǹkan dáadáa wà nínú rẹ̀. Abala 37 ní ilé rẹ, lẹ́tà rẹ àti ọ̀rọ̀ tó o ń sọ lórí fóònù jẹ́ tìẹ. Abala 45 ní ìjọba lè dín ìyẹn kù nítorí ààbò, bí òfin tí wọ́n fi dín in kù bá bójú mu fún ìjọba àwa-ara-wa. Abala 35 ni mo fẹ́ràn jù torí pé ó ní ìwọ̀n. Ẹni tí wọ́n bá mú, bí kóòtù tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àyàfi bí adájọ́ bá sún un síwájú. (Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀.) Ẹ wá wo àyíká wa. Kóòtù gíga wà ní Adó. Láti ibẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìgèdè, Ìlawẹ̀ tàbí Ìfàkì, èwo ló tó kìlómítà 40? Kò sí. Níbí yìí ní àárín gbùngbùn Èkìtì, ọjọ́ kan ni òfin fún wọn. Ẹ há a sórí, kódà bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a kọ́ fún ìdánwò.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ọmọ Òǹdó kan, Omoyele Sowore, DSS mú un lọ́jọ́ 3 oṣù kẹjọ 2019 torí ìwọ́de tó fẹ́ ṣe. Wọ́n gba àṣẹ ọjọ́ 45 ní kóòtù láti fi tì í mọ́lé. Nígbà tí kóòtù wá ní kí wọ́n gba onídùúró rẹ̀, wọ́n fi falẹ̀. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kejìlá, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún lọ mú un padà pẹ̀lú wàhálà nínú ọgbà kóòtù l'Ábújá. Ọjọ́ 24 ló tó lọ sílé. Ta ni lọ́yà rẹ̀? Fálànà náà ni. Àwọn kan á ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín 1996 àti 2019. Mo rí i. Ní 1996 òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí kóòtù dákẹ́. Ní 2019 kóòtù sọ̀rọ̀, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ló kọ etí dídi sí i, gbogbo ayé sì rí i pé ẹ̀bi tiwọn ni. Ìkejì sàn ju ìkíní. Kò dára, àmọ́ ó sàn.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa nípa ewu. Lọ́jọ́ 29 oṣù kìíní 2024, àwọn agbébọn pa ọba aláyé méjì ní Èkìtì wa yìí, ọba Ìmòjò àti ọba Èsùn. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré, awakọ̀ wọn ò sì padà wálé láàyè. Ẹni tó bá dúró ní ọjà Emùré lọ́sẹ̀ yẹn pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò wúlò, òkò ni wọn ì bá fi lé e. Amọ̀tẹ́kùn tí a dá sílẹ̀ ní 2020 ò lè wà nínú igbó gbogbo. Ẹni tó máa kọ́kọ́ rí àjèjì nínú igbó ni àgbẹ̀, tàbí ọlọ́kadà tó gbé wọn, tàbí ìyá tó ta búrẹ́dì ogún fún èèyàn mẹ́ta. Ṣé wọ́n máa sọ? Bí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá jẹ́ pé ẹni tó bá rìn sún mọ́ wọn lè má padà wálé, wọ́n á panu mọ́. Ìjọba tó bá fi etí rẹ̀ dẹ́rù ba akéwì, ẹnu àgbẹ̀ ló fi ń dí.

Tẹ́ẹ̀pù abẹ́ aṣọ ti di ohun àtijọ́. Fóònù la ń gbé kiri báyìí, láti ìparí 2020 ni wọ́n sì ti ní ká so síìmù wa mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí orúkọ, ojú àti àdírẹ́sì wa wà nínú rẹ̀. Wọn ò nílò akẹ́kọ̀ọ́ tí owó iléèwé rẹ̀ kò pé mọ́. Èyí ló jẹ́ kí n máa padà sórí ìbéèrè kan náà.

Òfin 1986 tó dá SSS sílẹ̀ ṣì wà. (DSS tí wọ́n ń pe ara wọn yìí, kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin náà.) Ààrẹ ló ń yan ọ̀gá rẹ̀, Ààrẹ náà ló ń jíṣẹ́ fún. Àwọn aṣòfin l'Ábújá ní ìgbìmọ̀ tó yẹ kó máa bi í léèrè ọ̀rọ̀, àmọ́ ìbò ọjọ́ kan ò lè yí òfin fúnra rẹ̀ padà. Abala 315 ìwé òfin 1999 kà á mọ́ òfin ilẹ̀ àti òfin àgùnbánirọ̀: kí ẹ tó yí ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbà pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn 36 yẹn wà ní Adó níbí. Àwọn 26 ló jókòó síbẹ̀, olúkúlùkù wa ló sì ní ẹnì kan níbẹ̀ tó ní òun ń ṣojú àdúgbò òun.